Áísì Tuntun, Kernel Àtijọ́

Kí ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 tó kọjá, ọ̀pọ̀ àwa tó ń lo mítà àsansílẹ̀ ní Mowe, Ibafo àti Ifo ló ní láti tẹ nọ́ńbà méjì kan tí kì í ṣe tókìn owó iná sínú mítà. Díjíìtì 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá tẹ̀ wọ́n, iná tó ti rà tẹ́lẹ̀ á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n tókìn tó bá rà lẹ́yìn ọjọ́ náà, mítà kò ní gbà á. Àwọn kan ní ọgbọ́n àtigbowó lọ́wọ́ wa ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní STS, tó ti Gúúsù Áfíríkà wá, máa ń fi ìṣẹ́jú tí wọ́n ṣe tókìn pamọ́ sínú tókìn náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993 ni wọ́n sì ti ń ka ìṣẹ́jú ọ̀hún bọ̀. Bíìtì 24 péré ni àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kíkà yẹn, àyè bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbà ju iye 16,777,216 lọ. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ìṣẹ́jú náà pé. Nọ́ńbà méjì tí a tẹ̀ ló sọ fún mítà pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọdún 2014.

Ní Orimerunmu, lẹ́bàá Mowe níbí, ni iléeṣẹ́ MOMAS ti ń ṣe mítà àsansílẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ mítà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ mítà kọ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Iye 16,777,216 yẹn tún wà níbòmíràn, nínú áísì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń tọ́jú ètò inú ráútà, kámẹ́rà àti dékódà. Ẹnì kan ti ya bíìtì 24 sọ́tọ̀ níbẹ̀ náà nígbà kan rí, ó rò pé ó tó. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń tọ́jú kernel Linux léèrè ohun tó ń fún wọn níṣẹ́ ṣe nígbà tí áísì ìrántí tuntun bá dé ọjà, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa kan ibẹ̀.

Kernel ni ètò tó wà láàárín ohun èlò inú ẹ̀rọ àti gbogbo ètò yòókù. Dráífà ni apá kan nínú kernel tó gbọ́ èdè ohun èlò kan pàtó. Mítà ara ògiri kì í sábà lo Linux, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ráútà tó wà lójú fèrèsé yín, Linux ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí áísì ìrántí rẹ̀ bá bàjẹ́, tí ẹnjiníà sì yọ ọ́, tó lẹ òmíràn mọ́ ibẹ̀, ohun tó kù ni bóyá kernel mọ ẹni tuntun náà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò kọ ọ́ síta pé unrecognized JEDEC id, yóò sì dúró síbẹ̀. Iná ráútà á máa ṣẹ́jú, oníbàárà á máa pe fóònù.

Ará Japan kan, Fujio Masuoka, tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló kọ́kọ́ fi irú ìrántí yìí, tí wọ́n ń pè ní flash, han aráyé ní ọdún 1984, ó sì tún gbé oríṣi kejì jáde ní 1987. NOR ni ti àkọ́kọ́, NAND ni èkejì. NOR kò gba ohun púpọ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n bí a bá fi iye báìtì wò ó, ṣùgbọ́n a lè ka báìtì ẹyọ kan níbi tó bá wù wá nínú rẹ̀, kì í sì í sábà ṣini lọ́nà. NAND ló wà nínú fóònù, mẹ́mọ́rì káàdì àti SSD, ó gba ohun púpọ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Òfin kan ló de àwọn méjèèjì: ó rọrùn láti sọ bíìtì 1 di 0, ṣùgbọ́n láti dá 0 padà sí 1, àfi ká pa odindi búlọ́ọ̀kù rẹ́. Nínú áísì NOR, búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kìlóbáìtì 4 tàbí 64. Dráífà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá rò pé 4 ni, tó wá jẹ́ 64, ohun tó fẹ́ pa rẹ́ á kó mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lọ.

Báwo wá ni dráífà ṣe ń mọ ẹni tí òun bá pàdé? Ó ń bi í ni. Ó máa fi àṣẹ 9F ránṣẹ́, áísì á sì dá báìtì mẹ́ta padà. Ẹ wo W25Q128 ti Winbond, tó wọ́pọ̀ gan-an nínú ráútà. EF 40 18 ni ìdáhùn rẹ̀. EF ni iléeṣẹ́ Winbond, 40 ni ìdílé tí áísì náà ti wá, 18 ni ìwọ̀n rẹ̀. Nínú ọ̀nà ìkà onímẹ́rìndínlógún tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò, 18 jẹ́ 24 tiwa, bí a bá sì sọ 2 di ìlọ́po méjì léraléra títí ó fi di ìpele 24, báìtì 16,777,216 la máa rí, ìyẹn mẹ́gábáìtì 16. EF 40 17 jẹ́ ìdajì rẹ̀. EF 40 19 jẹ́ ìlọ́po méjì. C2 ni ti Macronix, C8 ni ti GigaDevice, 9D ni ti ISSI. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ á mọ̀ wọ́n lórí bó ṣe mọ nọ́ńbà fóònù ìyàwó rẹ̀.

Nínú fólídà drivers/mtd/spi-nor ní Linux, fáìlì kan wà fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: winbond.c, macronix.c, gigadevice.c àti àwọn yòókù. Inú wọn ni àtẹ orúkọ wà. Bí ìwé àlejò tó wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní ẹ́sítéètì Mowe ni àtẹ yìí rí: àlejò sọ orúkọ, ọlọ́dẹ ṣí ìwé, ó rí ilé tí àlejò ń lọ àti ibi tó lè gbé ọkọ̀ sí. Bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, géètì kò ní ṣí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé fífi áísì tuntun kún dráífà kò ju ká kọ ìlà kan sínú ìwé lọ. Ìlà kan náà ni lóòótọ́, nígbà mìíràn. Ohun tí ìlà ọ̀hún ń jẹ́rìí sí ló wúwo, àti ìbéèrè ta ni kí a gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́: ṣé àtẹ tí ènìyàn kọ, ṣé ohun tí áísì sọ nípa ara rẹ̀, àbí ohun tí a fọwọ́ ara wa dán wò?

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ. Báìtì mẹ́ta kéré jù. Ẹgbẹ́ JEDEC ló ń pín nọ́ńbà fún àwọn iléeṣẹ́, nọ́ńbà tó lè wọ inú báìtì kan sì ti tán tipẹ́. Wọ́n wá ní kí àwọn tó dé lẹ́yìn máa fi 7F ṣáájú orúkọ wọn, láti fi hàn pé ojú ewé kejì ni àwọn wà, tàbí ìkẹta, tàbí èyí tó tún tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kò dá ara wọn láàmú. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi sínú áísì, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ti ń jẹ́ ẹ ní ojú ewé kìíní. Nọ́ńbà 20 jẹ́ ti iléeṣẹ́ ST láti ilẹ̀; nígbà tí ẹ̀ka náà di Numonyx, tí Micron sì ra Numonyx ní 2010, ó di ti Micron. Lónìí, áísì XMC láti Ṣáínà náà ń dáhùn 20. Ẹni tó bá wo báìtì àkọ́kọ́ nìkan kò lè mọ ilé tí wọ́n ti bí i.

Èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan náà. Macronix ṣe MX25L25635E, lẹ́yìn náà ó ṣe MX25L25635F. C2 20 19 ni àwọn méjèèjì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n F gbọ́ àwọn àṣẹ oníbáìtì mẹ́rin, E kò gbọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá ní F lórí tábìlì, tó dán an wò, tó ṣiṣẹ́, tó sì kọ ọ́ sínú àtẹ pé C2 20 19 gbọ́ àṣẹ wọ̀nyẹn, òótọ́ ló sọ nípa áísì tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní E lára ráútà wọn á kàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n á rí i pé ráútà kò tàn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gba kernel tuntun. Àwọn olùtọ́jú kernel ní láti kọ kóòdù kékeré kan tó ń wo àlàyé mìíràn nínú ikùn áísì kó tó lè ya ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àbúrò. Inú macronix.c ló wà, kò gùn, ẹ wá àyè kà á. Mo ti rí ìwé ẹ̀kọ́ tó gùn ju báyìí lọ tí kò kọ́ni tó o.

Àlàyé mìíràn tí mo wí yẹn ni SFDP. Ọdún 2011 ni JEDEC gbé ìlànà JESD216 jáde, pé kí áísì kọ̀ọ̀kan máa gbé ìtàn ara rẹ̀ kiri. Dráífà á fi àṣẹ 5A bèèrè. Lẹ́tà mẹ́rin náà, S, F, D, P, ló máa kọ́kọ́ rí, kó lè mọ̀ pé ibẹ̀ lòun dé. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n áísì, ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù tí à ń pa rẹ́ àti àṣẹ tí a fi ń pa á rẹ́, iye wáyà tó lè gba dátà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, àti bó ṣe ń lo àdírẹ́sì. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Linux ti ní ọ̀nà gbogbogbòò kan: áísì tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àtẹ kankan lè wọlé, bí SFDP rẹ̀ bá ti pé. Nítorí náà, bí ẹ bá mú áísì tuntun wá lónìí pé kí wọ́n fi kún un, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé kí ló dé tí ẹ fi nílò ìlà rárá.

Ìbéèrè tó tọ́ ni, mo sì wà lẹ́yìn àwọn tó ń bi í. Àtẹ tí à ń fọwọ́ kọ kò ní lópin. Iléeṣẹ́ kò ní yé ṣe áísì, ó sì máa rẹ ẹni tó ń kọ orúkọ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí èèyàn bá jẹ́ nípa ara rẹ̀ ní ibi tó mọ. SFDP kò sọ bí a ṣe ń ti apá kan nínú áísì pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ títìpa yìí kì í ṣe kékeré o: ọ̀pọ̀ áísì, bí a bá kọ nǹkan sí ibi tí wọ́n ti tì, wọn kò ní ṣàròyé. Wọ́n á dákẹ́. Dráífà á rò pé iṣẹ́ ti parí, kò sì sí ohun tó yí padà. SFDP kò tún sọ̀rọ̀ nípa apá tí à ń kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan péré tí kò ṣeé parẹ́ mọ́. Áísì tó ti wà ṣáájú 2011 kò ní i rárá, irú wọn sì ṣì pọ̀ nínú ẹ̀rọ tọ́kùnbọ̀. Àwọn kan ní i, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kò bá ìṣe wọn mu. Ìdí nìyẹn tí kernel fi ní àyè tí wọ́n ń gbà tún ọ̀rọ̀ ẹnu áísì ṣe lẹ́yìn tó bá ti jẹ́rìí tán. Nígbà tí àyè bẹ́ẹ̀ bá ti wà nínú kóòdù, ẹ mọ̀ pé ẹlẹ́rìí náà ti parọ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bíìtì 24. Nígbà tí wọ́n ń ṣe áísì SPI NOR láyé àtijọ́, báìtì mẹ́ta ni wọ́n fún àdírẹ́sì, bíìtì 24 nìyẹn. Ibi tí àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ mọ ni mẹ́gábáìtì 16. Nígbà tí mẹ́gábáìtì 32 dé, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tó wù ú. Àwọn kan dá àṣẹ tuntun tó ń gba báìtì mẹ́rin sílẹ̀. Àwọn kan pín áísì sí yàrá mẹ́gábáìtì 16, kí dráífà kọ́kọ́ sọ yàrá tó fẹ́ wọ̀. Àwọn kan ní kí a fi àṣẹ B7 ránṣẹ́, kí gbogbo àṣẹ àtijọ́ lè di oníbáìtì mẹ́rin láti ìgbà náà lọ. Òmíràn mọ gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀nà B7 yìí ló ń fa ìjàngbọ̀n. Kernel á yí áísì sí báìtì mẹ́rin, ohun gbogbo á máa lọ déédéé. Ẹnì kan wá tẹ bọ́tìnnì inú sẹ́tìnì pé kí ráútà kú kó sì tún tàn. Kọ̀ǹpútà inú ráútà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ètò àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ̀ ju báìtì mẹ́ta lọ. Ó rán báìtì mẹ́ta. Áísì ń retí ìkẹrin. Kò sẹ́ni tó gbọ́ra yé, ráútà kú síbẹ̀. Bí iná bá lọ pátápátá, áísì á gbàgbé ipò tó wà, á padà sí báìtì mẹ́ta, bí wọ́n bá mú iná wá, ráútà á tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ wa: ẹni tó so ráútà mọ́ ínfátà tàbí sólà, tí iná kì í lọ lára rẹ̀, òun gan-an ni àìsàn yìí máa mú. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń retí NEPA kò ní mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé. Ìgbà tí iná lílọ máa di oògùn nìyí.

Àtúnṣe tó pé ni kí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù fa wáyà ìtúnbẹ̀rẹ̀ lọ sí ara áísì. Ọ̀pọ̀ kò fà á, owó ni wọ́n ń ṣọ́. Fún irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, Linux ní àmì kan tí à ń kọ sínú àpèjúwe bọ́ọ̀dù, broken-flash-reset, kí kernel lè rántí dá áísì padà sí báìtì mẹ́ta kó tó kú. Ṣùgbọ́n kernel fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé bí bọ́ọ̀dù bá ṣubú lójijì, òun kò ní lè gbà á là. Bí áísì bá gbọ́ àwọn àṣẹ tuntun oníbáìtì mẹ́rin, kò sí èyíkéyìí nínú wàhálà yìí. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ E àti F ti Macronix ṣe pàtàkì nìyẹn: ìlà tí a kọ láìdán an wò lè gba ẹnì kan sílẹ̀ kó sì pa ẹnì kejì.

Lórí NAND, màá sáré kọjá, nítorí ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Láti iléeṣẹ́ ni búlọ́ọ̀kù kan ti lè bàjẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n á sì ti sàmì sí i. Dráífà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà wà kó má baà nù ún. Bíìtì ń yí padà fúnra rẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ mọ iye àṣìṣe tó yẹ kí kernel lè tún ṣe nínú ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tí a lè pa á rẹ́: èyí tó ń tọ́jú bíìtì kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan lè tó ìgbà 100,000, èyí tó ń tọ́jú mẹ́ta kì í ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Ní 2006, ìlànà ONFI ní kí NAND náà máa ṣàlàyé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló bá wọn lọ. UBI wọ Linux ní 2007, UBIFS ní 2008, àwọn méjèèjì ló ń pín ìyà pípa rẹ́ yìí káàkiri kí búlọ́ọ̀kù kan má baà kú ṣáájú àwọn yòókù, wọ́n sì ń múra sílẹ̀ de iná tó bá lọ láàárín ìkọ̀wé. Àwọn tó ṣe é kò ronú nípa Ibafo, ṣùgbọ́n bí ẹni pé wọ́n gbé ibẹ̀ rí ni. Àtẹ orúkọ ti SPI NAND, tó wọlé ní 2018, ṣì gbára lé kíkọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ púpọ̀ ju ti NOR lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń wá iṣẹ́ ṣe máa rí i.

Kí ni àwọn olùtọ́jú ń bèèrè gan-an? Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Tudor Ambarus, Pratyush Yadav àti Michael Walle ni orúkọ tó wà nídìí SPI NOR. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó mú áísì wá ní i lọ́wọ́. Kó ṣe ẹ̀dà SFDP rẹ̀, èyí tí kernel ti gbé sí /sys fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Kó fi irinṣẹ́ mtd-utils pa apá kan rẹ́, kó rí i pé gbogbo ibẹ̀ di FF. Kó kọ dátà tí kò ní ìlànà sí i, kó kà á padà, kó fi méjèèjì wéra. Bó bá ní áísì náà ṣeé tì pa, kó tì í, kó gbìyànjú láti kọ nǹkan, kó fi hàn pé kò gbà. Ohun tó kàn rí nínú ìwé iléeṣẹ́ tí kò dán wò, kó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi Signed-off-by sí i, àṣà tó ti wà láti 2004, tó túmọ̀ sí pé ó ní ẹ̀tọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀. Owó kò sí nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kò sí nínú rẹ̀. Áísì àti sùúrù ni.

Ohun tí mo ń bá bọ̀ rèé. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà kò ní áísì lónírúurú tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnjiníà tó ń tún ráútà ṣe lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní wọn nínú ike, àwọn tó tú lára bọ́ọ̀dù tó kú, àwọn tó rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, àwọn tí oníbàárà kò padà wá gbà. Láàárín 2020 sí 2022 tí áísì wọ́n lágbàáyé, iléeṣẹ́ ráútà ń fi èyí tí wọ́n bá rí sínú ẹ̀rọ, débi pé ráútà méjì tó jọra lójú lè má jọra nínú. Gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbẹ̀yìn, bíi tọ́kùnbọ̀ tàbí tuntun. Kò sí ibi ìdánwò tó kún tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹnjiníà wa sì ti ń ṣe apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà láìpè é lórúkọ. OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 lórí ráútà Linksys WRT54G, kò gba ẹ̀rọ onímẹ́gábáìtì 4 mọ́ lẹ́yìn ẹ̀dà 19.07. Ẹni tó ní irú ráútà bẹ́ẹ̀ lè fi ẹ̀rọ ooru yọ áísì 4 kúrò, kó lẹ 16 mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti ṣe é mọ̀ pé kó tó fọwọ́ kan nǹkan, odindi áísì àtijọ́ ló gbọ́dọ̀ kà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí apá kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà àti òṣùwọ̀n rédíò WiFi rẹ̀, èyí tí wọ́n wọ̀n fún bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo náà ní iléeṣẹ́. Bó bá sọnù, kò sí ibi tí a ti lè wà á jáde. Ráútà á tàn, WiFi rẹ̀ kò ní rìn jìnnà. Ó mọ̀ pé CH341A, irinṣẹ́ pọ́ọ́kú tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń lò láti ka áísì, lè máa tú fóòtì 5 jáde lórí wáyà tí 3.3 ló yẹ kó wà. Ó mọ̀ pé bí ìdáhùn bá jẹ́ EF 60 18 dípò EF 40 18, áísì onífóòtì 1.8 ló wà lọ́wọ́ òun, kò sì gbọdọ̀ fi irinṣẹ́ yẹn kàn án láìsí ohun tó ń dín iná kù. Ó mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn áísì kì í ṣe orúkọ tó máa dáhùn nígbà gbogbo, nítorí àwọn kan wà tó ń pa orúkọ rẹ́ tí wọ́n sì ń tẹ òmíràn. Ìmọ̀ yìí kún orí ẹnì kan, ó sì ń kú sínú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnì kan máa ní, kí ló kàn wá pẹ̀lú kernel tuntun, nígbà tí kernel inú ráútà ọjà ti gbó, tí iléeṣẹ́ tó ṣe é kò sì ní tún un ṣe mọ́? Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ìlà tí a fi kún Linux lónìí kò ní fò wọ inú ráútà tí wọ́n ti tà ní 2017. Ó tún kù: ètò ìbẹ̀rẹ̀ U-Boot ní àtẹ tirẹ̀, flashrom tí à ń lò láti ka áísì ní òmíràn, ẹni tó kọ orúkọ sínú ọ̀kan kò tíì kọ ọ́ sínú èkejì. Ṣùgbọ́n láti inú Linux ni OpenWrt ti ń mú tirẹ̀, láti inú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ tó bá ń ṣe ẹ̀rọ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kò bá fi síbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni yóò máa wá ojútùú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, nínú ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí mo dárúkọ, SFDP ni kí a kọ́kọ́ gbọ́, àtẹ ni kí a máa dín kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹni tó di áísì mú lọ́wọ́ ló yẹ kó ṣẹ́gun.

Mountain Top University wà ní Ibafo, D.S. Adegbenro ICT Polytechnic wà ní Itori, níwájú Ifo lọ́nà Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ àṣekágbá tó máa ń jẹ́ ètò ìforúkọsílẹ̀ ìwé kíkà ní láíbúrárì ti tó gẹ́ẹ́. Kí olùkọ́ rán ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ jókòó ti ẹnjiníà kan ní Mowe fún oṣù kan, kí wọ́n jọ ka báìtì mẹ́ta ara gbogbo áísì tó wà nínú ike, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà SFDP èyí tó bá ní i, kí wọ́n kọ orúkọ bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kernel kò bá mọ̀, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ nǹkan sí i, kí wọ́n kà á padà, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn olùtọ́jú pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà àti ti ẹnjiníà náà. Ẹ̀yin ẹnjiníà, bí ọmọ náà bá dé, ẹ má rán an lọ ra omi nìkan. Àdírẹ́sì àwọn olùtọ́jú wà nínú fáìlì MAINTAINERS, ó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.